Ta Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bi Léèrè Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́?

Bí ọmọ Akanran kan bá ti yunifásítì wálé fún ìsinmi, ohun tí àwọn àgbà máa ń bi í lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí i káàbọ̀ ni pé, "Kí lo tiẹ̀ ń kọ́ lọ́hùn-ún?" Bó bá dáhùn pé iṣẹ́ dókítà ni, tàbí lọ́yà, tàbí nọ́ọ̀sì, àdúrà ló kàn. Ṣùgbọ́n bó bá ní Zoology ni, tàbí Geography, tàbí Adult Education, ìbéèrè mìíràn á tún jáde: "Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń há, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ó lè jẹ́ òun ló ń gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí àwọn tó ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti ń jẹun, ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, àti ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé. Ẹnu ènìyàn ló wà. Ibi tí wàhálà wà ni pé kò sí lẹ́nu àwọn tó sún mọ́ ọmọ náà jù. Ìyá àti bàbá tó gbọ́kàn lé kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́, tí wọ́n lè dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nínú àwọn tó ń lọ bá.

Akanran ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó pín ilẹ̀ Ìbàdàn. Ilẹ̀ oko ni agbègbè náà: kòkó, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́, àgbàdo. Orúkọ rẹ̀ wọ ìtàn nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969, tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lórí owó orí. Táfá Adéoyè, tó wà lára àwọn aṣáájú wọn, ọmọ agbègbè yìí ni. Owó kòkó irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ gbójú lé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ oko fi ń rọ́ wọ ilé ìwé.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó kàwé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò olùdámọ̀ràn lórí iṣẹ́. Ẹni tó parí ìwé mẹ́fà lè di akọ̀wé tàbí tíṣà. Ẹni tó bá gba oyè yunifásítì, Sẹkitéríàtì ní Agodi ń dúró dè é, ilé iṣẹ́ òyìnbó náà sì ń dúró dè é. Títí di ọdún 1960, yunifásítì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Nàìjíríà, Ìbàdàn ló sì wà. Ilẹ̀kùn kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Síbẹ̀, nígbà náà pàápàá, àwọn kan ṣi ilẹ̀kùn wọlé. Chinua Achebe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ University College, Ìbàdàn, ní 1948. Ìmọ̀ ìṣègùn ni owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún un wà fún. Kò ju ọdún kan lọ tó fi rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ló bá yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Owó ìrànwọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Augustine, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló yọ̀ǹda owó tí ì bá fi rìnrìn àjò lọ sílé lẹ́nu ìsinmi, kí àbúrò rẹ̀ lè máa bá ìwé lọ. Ní 1958, ìwé ìtàn tó kọ́kọ́ kọ jáde, gbogbo ayé sì mọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tún sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ abúlé Lábọ̀dé lẹ́bàá Ìbàdàn ni, ọmọ oko bíi tàwọn ará Akanran. Èdè Faransé ló fi gba oyè ní yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, nígbẹ̀yìn ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá ní Ifẹ̀. Ẹni tó bá bi í ní 1962 pé irú iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi èdè Faransé ṣe, bóyá ni ì bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Orúkọ ẹ̀kọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ tí ènìyàn yóò fi ayé rẹ̀ ṣe kò ní láti jẹ́ ohun kan náà. Ó yẹ kí ẹnìkan tètè sọ èyí fún gbogbo ọmọ tó ń sunkún pé JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, kò fún òun ní ohun tóun fẹ́.

Nítorí pé bí ó ṣe ń rí lónìí nìyẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ Medicine sínú fọ́ọ̀mù, tí máàkì wọn kò tó, tí yunifásítì sì fún wọn ní Zoology tàbí Botany. Wọ́n gbà á, nítorí pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ta ló mọ̀? Ọmọ náà á wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí kò sí ẹnì kankan nílé rẹ̀ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Yunifásítì tó wà ní Nàìjíríà báyìí ti lé ní 250. Àwọn tó ń jáde lọ́dọọdún pọ̀ ju àyè tó wà ní Sẹkitéríàtì lọ fíìfíì. Ìmọ̀ràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò ní 1955 ti wá di ohun tí ọmọ kò lè ṣe aláìní.

Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ìmọ̀ràn yìí létòlétò ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1959, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, St. Theresa's College, ní Òkè-Àdó, wo àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde lọ́dún náà, wọ́n sì rí i pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn Sister náà kò ṣe ìwàásù fún wọn. Wọ́n pe nǹkan bí 20 ènìyàn tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ nílùú, wọ́n ní kí wọ́n wá sọ iṣẹ́ wọn fún àwọn ọmọ tó tó 60. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi tán, àkọsílẹ̀ ní 54 nínú àwọn ọmọ náà ló ríṣẹ́. Ìpàdé náà kò kú síbẹ̀. Ó bí Ibadan Careers Council, èyí náà ló wá gbilẹ̀ di Nigeria Careers Council ní 1967. Ní 1976, àwọn olùdámọ̀ràn tó wà ní ilé ìwé káàkiri orílẹ̀-èdè dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Gbogbo ilé ìwé girama tó ní ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lónìí, àti Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ara ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Àdó yẹn ni wọ́n.

Lókè òkun, ó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì Oxford ti ní ìgbìmọ̀ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wá iṣẹ́ láti 1892. Ní Amẹ́ríkà, Frank Parsons ṣí ọ́fíìsì kan sí ìlú Boston ní 1908 níbi tí ọ̀dọ́ ti lè wá jókòó, kí wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tó fẹ́, kí wọ́n sì fi wé àwọn iṣẹ́ tó wà nílùú.

Nínú ọgbà yunifásítì, àwọn wo ni ọmọ náà ń bi? Àwọn tó jọ ń gbé yàrá kan náà ni. Ní àwọn họ́ọ̀lù yunifásítì Ìbàdàn, ní Mellanby, ní Kuti, ní Queen Idia, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ ní òru nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó wà ní ọdún kẹrin á sọ fún ẹni ọdún kìíní pé kọ́ọ̀sì yìí kò níṣẹ́, pé kó tètè lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, pé ilé iṣẹ́ epo ló ń sanwó. Ọ̀rọ̀ náà á lọ láti yàrá dé yàrá títí yóò fi dàbí òótọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, àti àwọn ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì náà máa ń pe àwọn tó ti jáde láti wá bá ọmọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ oko ló jẹ́ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì tàbí tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ ńlá làwọn ẹgbẹ́ náà ń ṣe, a kò sì gbóríyìn fún wọn tó.

Lẹ́yìn èyí ni WhatsApp. Ẹgbẹ́ kíláàsì, ẹgbẹ́ họ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, gbogbo wọn ló ń tan ìkéde iṣẹ́ kiri. Ìkéde kan náà ni ọmọ náà máa ń rí níbi márùn-ún, nítorí pé àwọn ènìyàn kan náà ló wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, ti ṣàlàyé ohun tó ń fà á. Nígbà tó ń ṣe ìwádìí nípa àwọn òṣìṣẹ́ 282 ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó lé ní ìdajì wọn tó ní ẹnu ènìyàn làwọ́n ti gbọ́ ọ. Ìyẹn kò yani lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni irú ènìyàn tó sọ ọ́ fún wọn. Nínú gbogbo àwọn tó tipasẹ̀ ènìyàn gbọ́, kò tó 17 nínú 100 tó ní ẹni tí àwọ́n máa ń rí nígbà gbogbo ni. Àwọn yòókù, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, tàbí ẹni tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí: ọ̀gá ibi iṣẹ́ àtijọ́, ẹni tí wọ́n jọ kàwé lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀rẹ́ wa àtàtà, ohun tí a mọ̀ lòun náà mọ̀. Ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló ń gbọ́ ohun tí kò dé etí wa. Ọmọ tó bá ń bi kìkì àwọn ará yàrá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀, àìmọ̀ ara wọn ni gbogbo wọn ń pín láàárín ara wọn, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tó.

Àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ọgbà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní olùdámọ̀ràn lábẹ́ Student Affairs. Ṣùgbọ́n ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ibẹ̀ kò dára. Wọ́n rò pé ẹni tí ìwé kò yé mọ́, tàbí tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tàbí tí wọ́n fẹ́ lé kúrò ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ á bi í pé kí ló dé. Èyí kò dára rárá. Ìdí tí àwọn Sister ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Àdó kì í ṣe pé ọmọ kankan ya aláìsàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ku díẹ̀ kí àwọn ọmọ jáde ni. Bí ọ́fíìsì náà bá lè jókòó de akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kìíní, kí wọ́n máa pe àwọn tó ti jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ojú náà á yí padà. Àwọn olùkọ́ náà ńkọ́? Ẹ̀rù wọn ń ba ọmọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni olùkọ́ tó ti ń kọ́ni fún ogún ọdún mọ orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tó ti kọ́, ó sì mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn wà.

Ohun kan wà tó dára ju gbogbo ìmọ̀ràn ẹnu lọ, òun náà ni IT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́. Ní 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Ní 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, pé kí àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti irú wọn lọ lo oṣù díẹ̀ níbi iṣẹ́ gidi kí wọ́n tó jáde. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, oṣù mẹ́fà ni. Ọmọ náà á gba ìwé kan tí wọ́n ń pè ní logbook. Ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe sínú rẹ̀, àyè wà fún un láti ya àwòrán ẹ̀rọ tàbí ohun tó lò, ọ̀gá tó wà lórí rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ láti yunifásítì á wá bẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́. Nígbà tó bá parí, fọ́ọ̀mù kan wà tí ilé iṣẹ́, yunifásítì àti ITF jọ máa ń kọ nǹkan sí.

Bí wọ́n bá lo logbook náà bó ṣe yẹ, ó níye lórí púpọ̀. Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ Microbiology, tí wọ́n fi sí ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá. Ní Monday ó kọ pé òun wẹ ìgò, ní Tuesday ó wẹ ìgò, ní Wednesday wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkòrò àìfojúrí láti mọ̀ bóyá omi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá ní kó ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, ó ti mọ̀ bóyá òun lè fi iṣẹ́ yẹn ṣe ilé ayé òun tàbí òun kò lè ṣe é. Ìmọ̀ràn wo ló tún jinlẹ̀ ju ìyẹn? Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fi àǹfààní náà ṣòfò. Wọ́n á lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wọn tí kò bá ohun tí wọ́n ń kọ́ mu, wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á wá fi alẹ́ ọjọ́ kan kọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà kọ. Ẹ̀bi wọn nìkan kọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ọmọ IT kò pọ̀ tó, àwọn kan tó ń gbà wọ́n kàn ń rán wọn lọ ra oúnjẹ ni.

Ohun tó dun ènìyàn jù nípa ọmọ Akanran ni pé àyíká Ìbàdàn kún fún ibi tó lè lọ. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ lápá Akínyẹlé. Ẹ̀gẹ́, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbìn ní Ọ̀nà-Àrà ni wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́. Ti igbó àti igi, ìyẹn FRIN, àti ti èso àti ẹ̀fọ́, ìyẹn NIHORT, wà ní apá Jẹ́ríkò. Moor Plantation, tí wọ́n ti ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà láti 1899. Ní 2024, iye owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, àwọn tó ti pa oko kòkó baba wọn tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà padà. Àmọ́ ọmọ tó dàgbà sábẹ́ igi kòkó lè kọ́ Agronomy fún ọdún márùn-ún láì wọ ọgbà CRIN lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá sí ẹni tó sọ fún un pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ènìyàn bíi tirẹ̀ ni wọ́n.

Láyé ìwé ìròyìn, ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ ni ojú ewé ìkéde. The Guardian ọjọ́ Tuesday àti Thursday ni gbogbo ẹni tó jáde yunifásítì ń dúró dè. Ní ìyànà àti ní ibùdókọ̀, ọ̀dọ́ á pagbo yí fẹ́ńdọ̀ ká, wọ́n á ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á da àdírẹ́sì kọ sínú bébà kékeré. Ọmọ abúlé tí kò bá lówó mọ́tò lọ́jọ́ náà, ó pàdánù nìyẹn. Ní 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, jókòó sínú yàrá wọn, wọ́n sì dá Jobberman sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìkéde iṣẹ́ lè dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó ní fóònù. Ó gbilẹ̀ títí ó fi kọjá Nàìjíríà. Wọ́n wá ohun tí àwọn fúnra wọn nílò, wọn kò rí i, wọ́n sì ṣe é.

Ìkéde nìkan kì í ṣe ìmọ̀ràn ṣá o. Ìkéde á sọ fún ọ pé àyè wà. Kì í sọ fún ọ iye ènìyàn tó ń sáré lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ní kí àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ wá ṣe ìdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Àyè tó wà kò tó 5,000. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, wọ́n sì ti san 1,000 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìtìpátìpá lẹ́nu ọ̀nà, ní Abuja, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, ó kéré tán ènìyàn 16 ló kú, aboyún wà lára wọn. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ṣe ìdánwò náà.

Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ pé ebi ìròyìn iṣẹ́ ń pa ọmọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé wọ́n ti mú ọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi tí o kò kọ̀wé sí. Tó o bá débẹ̀, ọjà ni wọ́n fẹ́ kó o rà, tàbí owó fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń bèèrè. Ohun méjì kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má mọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó bá wà lábẹ́ òfin, ènìyàn lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun ń bá ènìyàn wá iṣẹ́ lówó, òfin Nàìjíríà ní ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní kó fi ìwé àṣẹ náà hàn.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bi kọ̀ǹpútà ní ohun tí wọn kò lè bi olùkọ́. Ó dára fún títún lẹ́tà ìwáṣẹ́ ṣe, ó sì lè to orúkọ iṣẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ Geography. Àmọ́ kò mọ ọ̀gá tó ń gba ọmọ IT ní Moor Plantation lọ́dún yìí, kò sì lè fọwọ́ sí logbook ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni wọ́n ń fi Zoology ṣe? Àwọn tó kọ́ ọ wà ní ibùdó ẹja, wọ́n ń mójú tó omi àti oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n wà ní ilé ìwádìí àìsàn, wọ́n ń wá ohun tó ń fa ibà nínú ara ẹ̀fọn. Wọ́n wà ní Old Oyo National Park, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, àti ní ọgbà ẹranko yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tó kọ́ Geography ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́. Àwọn tó kọ́ Adult Education ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ wolé-wolé pàápàá, tí gbogbo àgbà Akanran mọ̀, tí wọ́n ń rò pé kò ju kí ènìyàn wo ìkòkò omi lọ, ti di ohun tí wọ́n ń gba oyè lé lórí ní yunifásítì, tó sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lábẹ́ òfin.

Bí ọmọ bá mọ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe bá wọn sọ̀rọ̀? Ìtìjú ló ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àti ìrònú pé ẹni tó bá lọ bá àgbà, iṣẹ́ ló fẹ́ tọrọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní láti gùn:

"Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ Zoology ni mí, ọdún kejì ni mo wà. Mi ò wá tọrọ iṣẹ́ o, sà. Mo kàn fẹ́ mọ bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ wà yìí ni."

"Jókòó. Ṣé òótọ́ lo fẹ́ gbọ́ ni, àbí ohun tó máa dùn mọ́ ọ?"

"Òótọ́ ni, sà. Kí lẹ máa ń ṣe gan-an lóòjọ́? Kí ni wọ́n ń wò lára ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tún wà ní ọdún kejì báyìí, kí lẹ máa kọ́ tí ẹ kò kọ́ nígbà yẹn?"

Kò sí àgbà tó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bó bá sì parí, kí ọmọ náà bi í pé ta ni òun tún lè rí. Orúkọ kan á mú òmíràn wá, ọmọ náà á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó mọ ohun kan náà.

Akanran fúnra rẹ̀ kò ṣófo. Òṣìṣẹ́ ìlera wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, àwọn oníṣirò owó wà níbẹ̀, àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ojú ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé àwọn ìgbèríko láti 1973 jáde láti oríṣiríṣi yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu IT bọ̀ ni. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ilé ìwé girama kan bá pe mẹ́wàá nínú wọn jọ ní ọjọ́ Saturday kan nígbà ìsinmi, tí wọ́n sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ogún ìṣẹ́jú sọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ní Òkè-Àdó ní 1959 ni wọ́n ti ṣe yẹn, aga àti omi mímu nìkan ni yóò sì ná wọn.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì báyìí kò gbọdọ̀ dúró de ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ló ní iye ọmọ IT tí wọ́n lè gbà, àyè náà sì máa ń tètè kún. Kí ó lọ bèèrè láti ọdún kejì, kí ó mọ orúkọ ẹni tó ń gba lẹ́tà, kí ó sì gba lẹ́tà IT tirẹ̀ ní ẹ̀ka tó wà, ní kété tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn.